Gabon: Ṣé ẹni tó ti bá wọn jẹun lè bá wọn wí? Ẹ̀kọ́ Krístì àti àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ní Libreville

Àdúgbò Charbonnages wà ní apá àríwá Libreville, olú ìlú Gabon. Ibẹ̀ ni ilé Jean Ping wà, ọkùnrin tí àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ kò yé pè ní ààrẹ tí aráàlú dìbò yàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìbò ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 2016.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Lọ́jọ́ 31 oṣù náà, ìjọba kéde pé Ali Bongo Ondimba ló wọlé pẹ̀lú ìdá 49.80 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Ping sì ní ìdá 48.23. Ìbò tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju 5,594 lọ. Ní Haut-Ogooué, agbègbè tí ìdílé Bongo ti wá, wọ́n ní ìdá 99.93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde dìbò, àti pé ìdá 95 nínú wọn ló dìbò fún Bongo. Àwọn èèyàn tú jáde sí ìgboro. Iná sọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lóru ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn agbófinró ya wọ ilé iṣẹ́ ìpolongo Ping, ìbọn dún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi máa di òru ọjọ́ 23 mọ́jú ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ náà ti fọwọ́ sí i pé Bongo ló jáwé olúborí.

Bí ilé tó wà ní Charbonnages ṣe di ojúbọ ìrètí fún ọ̀pọ̀ ọmọ Gabon nìyẹn, nílé àti lẹ́yìn odi. Ìgbàgbọ́ àwọn tó ń yà síbẹ̀ ni pé ìjà láàárín ibi àti ire ló ń lọ, àti pé wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ tí àwọn wà.

Àwọn wo ló wà nínú ilé náà?

Ping fúnra rẹ̀ ṣe mínísítà fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ Omar Bongo, bàbá Ali, tó ṣèjọba láti 1967 títí tó fi kú lọ́dún 2009. Òun ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kó tó lọ ṣe alága kọmíṣọ́nnì àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, AU, láti 2008 sí 2012. Ó bí ọmọ pẹ̀lú Pascaline, ọmọbìnrin Omar Bongo. Ọdún 2014 ló tó kúrò nínú PDG, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba.

Casimir Oyé Mba tó gbé ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀ fún Ping lọ́dún 2016 ti ṣe olórí ìjọba fún Omar Bongo rí. Guy Nzouba-Ndama tó ṣe bẹ́ẹ̀ náà ló jókòó sórí àga olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti 1997 títí di ọdún ìbò náà gan-an.

Lédè kan, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ pé ìjọba yẹn ti bàjẹ́ látòkè délẹ̀ ti gbé nínú rẹ̀, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu. Àwọn alátìlẹyìn Bongo kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Yorùbá ní ẹni tó bá ní òun yóò dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn pẹ̀lú ẹnu tiwọn.

Ìdáhùn tó yá jù sí irú ọ̀rọ̀ yìí pín sí méjì. Àwọn kan á ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní gbàrà tí èèyàn bá ti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ire, ohun àtijọ́ ti kọjá lọ. Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ọmọ Gabon ń kà lọ́jọ́ Ìsinmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Farisí kò purọ́

Ìwé Lúùkù, orí kejìdínlógún, sọ ìtàn ọkùnrin méjì tó lọ sí tẹ́ńpìlì láti gbàdúrà, ọ̀kan jẹ́ Farisí, èkejì jẹ́ agbowó-òde. Farisí dúpẹ́ pé òun kò rí bí àwọn ẹlòmíràn. Agbowó-òde kò lè gbójú sókè. Èyí ìkẹyìn ló lọ sílé ní ẹni tí a dá láre.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ń fò kọjá ni pé Farisí yẹn kò purọ́. Ó ń gbààwẹ̀ lóòótọ́, ó ń san ìdámẹ́wàá lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ayé òde òní ni, òun ló máa wà níwájú ìwọ́de, orúkọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wà lábẹ́ ìwé ẹ̀hónú, kò sì ní gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́ ni pé ó sọ ẹ̀gbin agbowó-òde di dígí tó fi ń wo ẹwà ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí agbowó-òde bá wẹ̀ mọ́, dígí náà á fọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni agbowó-òde ayé ìgbà náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ owó orí lásán. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ fún ìjọba Róòmù tó ń jẹ gàba lé wọn lórí, ó sì ń bu tirẹ̀ lé e. Ẹni tó wà nínú ètò ni. Tí a bá ń wá ẹni tó jọ mínísítà àná nínú Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ká lọ.

Orí tó tẹ̀ lé e nínú ìwé kan náà ló sọ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń jáde. Sakéù, olórí àwọn agbowó-òde, kò sọ pé òun ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ alátakò. Ó ní òun á fi ìdajì ohun ìní òun fún tálákà, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin lòun á fi san án padà fún un. Ó mọ iye tó jẹ. Ó sọ ọ́ níwájú àwọn tó jẹ ẹ́ lára. Ìyẹn ló yàtọ̀ sí kí èèyàn yí fìlà padà.

Ìwọ̀n yìí wúlò ní Libreville. Mike Jocktane jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Pẹntikọ́sí kan níbẹ̀, ó sì ti ṣe igbákejì olórí òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì Omar Bongo kó tó di alátakò. Lọ́dún 2011, nínú ìwé tí àwọn akọ̀ròyìn Faransé méjì, Xavier Harel àti Thomas Hofnung, kọ lórí dúkìá tí wọ́n fura pé a kó jọ lọ́nà àìtọ́, ó sọ pé owó láti ọ̀dọ̀ Omar Bongo wọnú ìpolongo ìbò Nicolas Sarkozy lọ́dún 2007. Àwọn èèyàn Sarkozy ní irọ́ ni. Yálà èèyàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ẹni tó ti wà nínú yàrá ló lè sọ irú rẹ̀. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ariwo nìkan ló lè pa. Nítorí náà, àwọn tó fẹ́ kí kìkì ẹni mímọ́ máa sọ̀rọ̀ ń ti ẹnu ẹlẹ́rìí pa láìmọ̀.

Àmọ́ ọ̀nà náà kì í gba ibì kan ṣoṣo lọ. Bruno Ben Moubamba febi panu níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 2009 láti tako bí ètò ìbò ṣe ń lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn dún ní Libreville, ó gba ipò igbákejì olórí ìjọba lọ́wọ́ Ali Bongo. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n tó wá sí Lambaréné

Ìtàn tó jinlẹ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Gabon kò tilẹ̀ kan òṣèlú ìbò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1913, dókítà kan tó tún jẹ́ onímọ̀ Bíbélì àti atẹdùùrù gúnlẹ̀ sí Lambaréné, lẹ́bàá odò Ogooué. Orúkọ rẹ̀ ni Albert Schweitzer. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Páríìsì tí ó bá lọ kò fọkàn tán ẹ̀kọ́ ìsìn rẹ̀, wọ́n sì gbà á lórí àdéhùn pé ìṣègùn ni yóò ṣe, kò ní wàásù.

Ohun tó gbé e wá jọ ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ dìde lónìí. Nínú ìwé tó kọ nípa Lambaréné ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ó fi àwọn òyìnbó wé ọlọ́rọ̀ inú òwe Jésù, ó sì fi àwọn aláwọ̀ dúdú wé Lásárù tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú egbò. Ó gbà pé gbèsè ni òun wá san, kì í ṣe àánú ni òun wá ṣe. Àmì ẹ̀yẹ Nobel fún àlàáfíà ti ọdún 1952 ni wọ́n fi dá a lọ́lá, ó sì ná owó rẹ̀ sórí abúlé àwọn adẹ́tẹ̀. Títí di ikú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965, ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ṣùgbọ́n inú ìwé kan náà ló ti sọ bí òun ṣe rí àwọn tí òun wá tọ́jú: ọmọ ìyá òun ni wọ́n, àmọ́ òun ni ẹ̀gbọ́n, àwọn ni àbúrò.

Fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí le ju bó ṣe rí létí òyìnbó lọ. Kò sí èébú nínú kéèyàn jẹ́ àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ẹrù ilé, ó ń gba ìyà fún àbúrò, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ọjọ́ orí ló ń sọni di ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan kì í dìde lọ sí ilé onílé kó sọ bàbá tó ní irun funfun di àbúrò rẹ̀, nítorí pé òun mú oògùn wá. Chinua Achebe mú ọ̀rọ̀ yìí kan náà nínú àsọyé rẹ̀ ní Amherst, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1975. Ó ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ fún àbúrò ni Schweitzer kọ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan sì wà nínú Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún, nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá. Ó ti sin bàbá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrú òfin kankan. Ìta ni ìtàn náà fi í sílẹ̀ sí, tí orin ń dún nínú ilé, tí bàbá sì ń bẹ̀ ẹ́ kó wọlé.

Kò sí ẹni tó lè fi èyí wọ́ iṣẹ́ Schweitzer nù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló rí ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, ibùdó ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Lambaréné, CERMEL, wà lára ibi tí wọ́n ti dán àjẹsára ibà RTS,S wò. Ọ̀kan lára àwọn tó ti darí rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayola Akim Adegnika, orúkọ tí etí Yorùbá kò ní ṣì gbọ́. Àwọn àbúrò ti gba ilé náà.

Ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù di alága

Ọdún 1990 ni àwọn olórí ìjọ Àgùdà bọ́ sójú agbo òṣèlú ní apá ibí yìí. Ní Gabon, Bíṣọ́ọ̀bù Basile Mvé Engone ti Oyem ló ṣe alága àpérò orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ padà wá, ṣùgbọ́n Omar Bongo kò kúrò lórí àga.

Oṣù kan ṣáájú, ní Kùtọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ti ṣe irú rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì. Mathieu Kérékou ti fi ipá gba ìjọba láti 1972, ó sì ti kó àwọn alátakò lọ sẹ́wọ̀n Ségbana. Àwọn tó jókòó nínú àpérò náà ní ìdí láti fẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ wọn kò lé e jáde nínú ìlú. Ó gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì fún un ní ààbò kí wọ́n má baà gbé e lọ ilé ẹjọ́. Nicéphore Soglo borí rẹ̀ nínú ìbò 1991. Nígbà tó di 1996, Kérékou, tó ti di àtúnbí, padà wọlé nípasẹ̀ ìbò.

De Souza tún ṣe olórí ìgbìmọ̀ gíga tó bojú tó ìjọba fìdíhẹẹ́. Nígbà tí ìyẹn parí, kò du ipò ààrẹ. Ó padà sídìí iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1999.

Owó tí wọ́n fi ra àlàáfíà Benin yẹn kò kéré o. Àwọn tí wọ́n lù ní Ségbana kò rí Kérékou nílé ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi Benin ṣe àpẹẹrẹ ìdáríjì gbọ́dọ̀ rántí pé egungun ẹlòmíràn ló fọ́, kì í ṣe ti bíṣọ́ọ̀bù.

Ní Togo, Bíṣọ́ọ̀bù Philippe Kpodzro, tó ṣe alága àpérò tiwọn lọ́dún 1991, kò padà sílé bíi De Souza. Ó lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún nígbà tó ti Agbéyomé Kodjo lẹ́yìn nínú ìbò ààrẹ 2020. Kodjo yìí ti ṣe olórí ìjọba fún Eyadéma rí. Ní Sweden, lẹ́yìn odi, ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà náà kú sí ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Àwọn kan ní ó ti wọ òṣèlú jù. Ó kéré tán, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó rí nǹkan jẹ nídìí rẹ̀.

Ojota 2012, Ojota 2016

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn Gabon nìkan ni. Lọ́jọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba Goodluck Jonathan sọ owó epo bẹntiróòlù di náírà 141 láti 65. Èrò kún pápá Gani Fawehinmi ní Ojota, l'Ékòó, fọ́fọ́. Ẹgbẹ́ Save Nigeria Group tí Pásítọ̀ Tunde Bakare dá sílẹ̀ wà lára àwọn tó kó wọn jọ. Orin ẹ̀mí àti orin ìjà dún pọ̀. Owó epo já wá sí 97.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ìjọba Muhammadu Buhari, tí Bakare ti bá díje gẹ́gẹ́ bí igbákejì lọ́dún 2011, gbé e lọ sí 145. Àwọn òṣìṣẹ́ pe ìyanṣẹ́lódì, kò múná. Ojota dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bú Jonathan ní 2012 ló wá ń ṣàlàyé pé ọwọ́ ẹni rere ni epo wà báyìí. Náírà 145 kò kúkú kéré sí 141 nínú àpò ìyá tó ń dáná ẹ̀wà tà. Tó bá jẹ́ tìtorí rẹ̀ ni wọ́n fi kóra jọ nígbà àkọ́kọ́, ó yẹ kí wọ́n padà wá.

Ibí yìí ni òdodo àtọwọ́dá ti máa ń já. Kì í ṣe pé ó ń mú kéèyàn pariwo jù. Ó ń jẹ́ kó dákẹ́ nígbà tí ẹni tirẹ̀ bá dé orí àga.

Ewu kan tún wà ní òdì kejì. Àwọn aláṣẹ náà mọ Bíbélì. Wọ́n fẹ́ràn ibi tó ti sọ pé ká má dáni lẹ́jọ́, àti ibi tí èérún igi àti ìtì igi wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìtì igi yẹn, nínú Mátíù, kò parí síbi tí a ti yọ tiwa. Ó ní lẹ́yìn náà lèèyàn á tó ríran kedere láti yọ ti arákùnrin rẹ̀. Nátánì kò dúró kí ó di mímọ́ kó tó lọ bá Dáfídì lórí ikú Ùráyà. Ámósì, tó ń da ẹran, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Martin Niemöller, pásítọ̀ ará Jámánì, lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ní àhámọ́ Hitler. Nígbà tó jáde lọ́dún 1945, ó wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé Stuttgart, níbi tí àwọn olórí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwọn. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Jámánì. Niemöller ló lẹ́tọ̀ọ́ jù láti sọ pé òun kò sí níbẹ̀, òun ló sì wá ń lọ káàkiri tó ń sọ pé òun wà níbẹ̀, nítorí ó ti dìbò fún àwọn Nazi rí.

Àga tuntun ní Libreville

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, kété tí wọ́n kéde pé Ali Bongo tún ti wọlé, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba. Ọ̀gágun Brice Oligui Nguema, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo Bongo fúnra rẹ̀, di olórí. Àwọn èèyàn jó ní ìgboro. Wọ́n dìbò yàn án sípò ààrẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ìjọba fìdíhẹẹ́ náà pín àga fún àwọn alátakò àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́. Marc Ona Essangui gba ipò igbákejì kẹta olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Kì í ṣe ẹni kékeré. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló wà, láti ibẹ̀ ló sì ti gbógun ti iṣẹ́ ìwakùsà Belinga, tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ kọ́ ìdídò sí ibi tí omi ti ń ya wálẹ̀ ní Kongou nínú igbó Ivindo. Wọ́n tì í mọ́lé ní ìparí 2008. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Goldman lọ́dún 2009. Ìjọba dín ilẹ̀ tó fún ilé iṣẹ́ China náà kù gan-an, UNESCO sì ka Ivindo mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2021.

Ẹni tó ti jà báyìí kò jẹ̀bi nítorí pé ó gba àga. Ibi tí De Souza kọ̀ láti jókòó sí, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ kó ṣe rere. Ohun tó kù ni bóyá ohùn tó ń lò fún Belinga ni yóò lò fún ìjọba tó bá òun náà jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò kúrò nílẹ̀ láti ìgbà tí ilé Charbonnages ti kún fún èrò. Ìjọba ìgbà náà sọ pé èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kú nínú rògbòdìyàn 2016. Àwọn alátakò ní wọ́n lé ní àádọ́ta. Ìjọba Gabon fúnra rẹ̀ ló pe ilé ẹjọ́ ICC sí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, olùpẹ̀jọ́ àgbà, Fatou Bensouda, pa fáìlì náà dé. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tó ohun tí òfin ilé ẹjọ́ náà ń pè ní ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ìwà ipá náà di ohun kékeré. Láàárín mẹ́ta àti àádọ́ta, orúkọ èèyàn ló wà níbẹ̀, àwọn ìyá wọn sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.